Ule, Use àti Orita: bí mo ṣe so dátábéèsì ọ́fíìsì ní Adó mọ́ kọ̀ǹpútà ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá tọ́jú ìwé ìṣirò ní Adó-Èkìtì kò ní ju kọ̀ǹpútà méjì lọ. Ọ̀kan wà fún lẹ́tà títẹ̀ nìkan. Èyí tó ṣe pàtàkì wà lábẹ́ tábìlì Màmá akọ̀wé wa, ní ọ̀nà Ajílósùn: Windows 10, MySQL 8 (ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì) lórí rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀, owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó, èlé, orúkọ onígbọ̀wọ́. Ìkẹ́rẹ́ ni èmi ń gbé. Bí mo bá ṣí fèrèsé yàrá mi, òkè Olósùnta ni mo ń wò. Adó kò jìnnà síbẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò yéé gòkè. Ọjọ́ kan wà tí mo wọkọ̀ lọ, tí mo wọkọ̀ bọ̀, nítorí ìlà méjì péré nínú ìwé ẹnì kan. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá Alága.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa ti ilé ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́rú àti Ẹtì."

Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀. "Kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn èèyàn kò gbọdọ̀ jáde síta o. BVN wọn wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023, ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa kò sì ga ju òfin lọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ tí mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Máòsì tó ń dá rìn

Ọ̀nà ọ̀lẹ ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn ètò tó máa ń gbé ojú kọ̀ǹpútà kan hàn lórí òmíràn sórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ó ṣiṣẹ́. Mo jókòó ní Ìkẹ́rẹ́, mò ń wo Adó. Ṣùgbọ́n àwòrán ló ń rán wá, àwòrán a sì máa jẹ dátà bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń jẹ koríko. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi àti Màmá kò lè jọ lo kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì, n kò rántí sọ fún wọn pé mo wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, wọ́n bá ọfà máòsì tó ń rìn kiri, fáìlì ń ṣí, fáìlì ń padé, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Wọn ò kọ́kọ́ pè mí. Wáyà ni wọ́n fà yọ lára ògiri.

Ìgbà tí wọ́n wá pè, ohùn wọn ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, nǹkan kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà yìí o. Mo ti fi òróró àdúrà sí i lára."

Mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo sì yọ ètò náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òróró náà ò kúrò ní tiẹ̀. A ṣì máa pàdé rẹ̀ níwájú.

Agboolé ẹlẹ́nu ọ̀nà kan

Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an ni kí ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi máa bá MySQL tó wà ní Adó sọ̀rọ̀ tààrà. Ojúlé 3306 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní "port") ni MySQL ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo rò pé bí mo bá ti sọ fún ráútà ọ́fíìsì pé ẹni tó bá béèrè 3306, kó darí rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà Màmá, ó parí. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ráútà, mo padà sílé, mo gbìyànjú. Ó dákẹ́ lọ gbári.

Mo tún padà lọ. Síímù 4G ni ráútà náà ń lò. Àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fún un wà lójú ìwé ètò rẹ̀, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo wá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àdírẹ́sì wo ni ayé fi ń rí wa. Nọ́ńbà mìíràn pátápátá ló jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mò ń fi agbọ̀n gbọ́n omi.

Àdírẹ́sì tó wà láàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255 kì í ṣe èyí tí ará ìta lè fi wá ọ rí. Ọdún 2012 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àdírẹ́sì IPv4, irú èyí tí a ń lò yìí, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò sì kárí mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo agboolé ńlá kan tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan péré ló ní, tí ọlọ́dẹ jókòó sí. Bí ará ilé bá rán ọmọ jáde, ọlọ́dẹ á rí i, á mọ yàrá tó ti wá, èsì tó bá bá a bọ̀ á dé yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá ṣàdédé dé láti ìta, ọlọ́dẹ ò mọ yàrá tó máa júwe fún un, á ní kó máa lọ. Èmi ṣí ilẹ̀kùn yàrá tèmi sílẹ̀ gbayawu, mo gbàgbé pé ẹnu ọ̀nà agboolé kò sí lọ́wọ́ mi.

Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀, mo dúpẹ́. Ká ní ó ṣiṣẹ́ ni, mo ti la ojúlé 3306 sílẹ̀ fún gbogbo ayé nìyẹn, páásíwọ́ọ̀dù nìkan ni ì bá dúró láàárín olè àti BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Oríta

Bí àlejò ò bá lè wọlé, ará ilé lè jáde. Kọ̀ǹpútà Adó á jáde, ti Ìkẹ́rẹ́ á jáde, wọ́n á pàdé níbi tó ní àdírẹ́sì gidi. Mo yá sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ní Lọ́ńdọ̀nù, Ubuntu 22.04, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló ń fi káàdì rẹ̀ san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Èmi ń fi náírà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé.

WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà àdáni tó ní kọ́kọ́rọ́ gba inú íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.6, ní ọdún 2020, nítorí náà kò sí wàhálà púpọ̀ láti gbé e sórí Ubuntu. Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀: ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tó bá ń kan ilẹ̀kùn, kò ní dá a lóhùn rárá. Olè ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. (Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kan náà ló fojú mi rí màbo lọ́sẹ̀ kẹta.)

Orúkọ tí mo sọ wọ́n: ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé, uṣẹ́ ni a ń pe iṣẹ́. WireGuard lórí Windows kò sì gba àmì ohùn nínú orúkọ, ni mo ṣe kọ wọ́n báyìí: *ule*, *use*, *orita*. Orita gba 10.77.0.1, use gba 10.77.0.2, ule gba 10.77.0.3. Fáìlì use kò ju èyí lọ:

```
[Interface]
PrivateKey = ...
Address = 10.77.0.2/32

[Peer]
PublicKey = ...
Endpoint = ...:51820
AllowedIPs = 10.77.0.0/24
PersistentKeepalive = 25
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ má ṣe fojú kéré. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 25, use á fọhùn díẹ̀ sí orita, kí ọlọ́dẹ agboolé má bàa gbàgbé pé ó rán ọmọ jáde. Láìsí i, àárín wákàtí kan ọ̀nà á ti dí.

Lórí orita, ojúlé méjì péré ni mo ṣí: 51820 fún WireGuard, àti 22 tí èmi fi ń wọlé ṣàkóso. Mo pa páásíwọ́ọ̀dù lórí 22, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló gbà. Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń gbìyànjú "root", "admin", "test" láti ìgbà tí sáfà ti dé ayé. Sáfà tí kò tíì pé ọjọ́ méjì! Mo tún rántí 3306 mi, ara mi bù màṣọ̀.

Mo gbàgbé láti fi `net.ipv4.ip_forward=1` sí orita, ìlà tó ń jẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan fún òmíràn. Use ń rí orita, ule ń rí orita, àwọn méjèèjì ò rí ara wọn. Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ló gbà mí.

Lẹ́yìn náà ni MySQL fúnra rẹ̀ kọ̀ mí, àṣìṣe 1130: kò gba àlejò láti 10.77.0.3. Orúkọ oníṣẹ́ nínú MySQL ní ibi tó ti ń bọ̀ lára. Ẹni tó ń ti inú ẹ̀rọ náà wọlé àti ẹni tó ń ti ìta bọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà lójú rẹ̀, bí orúkọ wọn bá tiẹ̀ jọra. Mo ṣẹ̀dá oníṣẹ́ tuntun:

```
CREATE USER 'ikere'@'10.77.0.3' IDENTIFIED BY '...';
GRANT SELECT, INSERT, UPDATE ON egbe.* TO 'ikere'@'10.77.0.3';
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ DELETE kúrò. Kò sí ohun tí mo fẹ́ pa rẹ́ láti orí ibùsùn.

Àárọ̀ ọjọ́ ẹ̀yáwó

Ọgbọ́n àgbọ́njù ló fa èyí. Mo ní kí MySQL má gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn àfi inú ẹ̀rọ rẹ̀ àti ọ̀nà WireGuard, mo wá kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀:

```
bind-address=127.0.0.1,10.77.0.2
```

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Ọjọ́ kejì tí Màmá tan kọ̀ǹpútà, MySQL jí ṣáájú WireGuard. Ó wá 10.77.0.2, kò rí i, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ ń pín ẹ̀yáwó. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí fóònù mi fi dún, mo sì ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn wọn.

"Ẹ má bínú, Mà. Kí ló kọ sójú rẹ̀?"

"Ohun tó kọ kọ́ ni ká máa bèèrè. Àwọn alákàrà wà níbí láti aago méje, wọ́n ti pa iná ìdáná wọn torí ẹ̀yáwó. Máa bọ̀."

Mo lọ. Mo pa ìlà yẹn rẹ́, MySQL dìde. Fáyàwọ́ọ̀lù Windows (ẹ má pè é ní fàyàwọ́ o, fàyàwọ́ gan-an ló ń dènà) ni mo wá fi ṣe é: kó má gba ẹnikẹ́ni láti ìta lórí 3306, àyàfi láti 10.77.0.3. Fáyàwọ́ọ̀lù ò bìkítà bóyá WireGuard ti jí tàbí kò tíì jí. N kò padà sílé lọ́jọ́ yẹn títí ẹni tó kẹ́yìn fi gba owó rẹ̀.

148 ń dé, 92 kò padà

Ọ̀sẹ̀ kẹta, iná lọ fún ọjọ́ méjì. Ìnfátà ọ́fíìsì gbẹ. Iná dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, mo jókòó nílé láti ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀nà. Mo wọ orita, mo tẹ `wg show`: ó ti lé ní ọjọ́ méjì tí use ti kí orita kẹ́yìn.

Mo pe Màmá. "Mà, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wà?"

"Ó wà. WhatsApp mi ń lọ. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló ń bá mi fa wàhálà, gbogbo ibi tí mo bá fẹ́ lọ ló ní kò ní ààbò."

N kò fi etí sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ìyẹn ni ìdáhùn.

Mo fi tcpdump, ètò tó ń fi ohun tó ń wọlé tó ń jáde hàn, wo ohun tó ń wọ orita. Use wà láàyè. Ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, báìtì 148 ń ti Adó dé. Báìtì 148 ni ìkíni WireGuard, 92 sì ni èsì rẹ̀. Mo dúró, mo ń kà á: 148, 148, 148. 92 kankan ò jáde. Ẹnì kan ń kí ẹnì kan, ẹni tí wọ́n ń kí ò sì dá a lóhùn, kò sì sọ ohun tó ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ kò yí padà, àdírẹ́sì kò yí padà.

Mo pa WireGuard orita, mo tún un tan. Kíá, ọ̀nà ṣí! Mo ní, ṣé ẹ rí i, sáfà olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ mi. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ iná tún lọ, ìnfátà tí kò tíì kún tún gbẹ. Àárọ̀ Ẹtì, 148, 148, 148. Mo tún orita tan, ó tún ṣí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí gan-an ló ń tì mí sínú òkùnkùn.

Ohun tó tú u ni owó. Mo to àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, tuntun sókè, mo fẹ́ bá Ọjọ́bọ̀ ṣírò. Kò sí Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀. Kò sí Ọjọ́rú.

"Mà, ṣé ẹnikẹ́ni ò san owó lánàá?"

"Èwo ni ẹnikẹ́ni ò san? Èèyàn mẹ́tàdínlógún!"

Mo yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tàdínlógún, lábẹ́ 2015-01-03, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ò tíì sí rárá. Mo tẹ `SELECT NOW();`, Adó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2015 ni òun wà.

Bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí iná ò sí ló ti kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ pátápátá, aago á padà sí ọjọ́ tí wọ́n fi sínú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Windows ì bá bá wa tún un ṣe láti íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó dá dúró, bí ìyàtọ̀ bá ti ju wákàtí 15 lọ, kì í fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ibi tí Màmá ń lọ fi "kò ní ààbò": lójú kọ̀ǹpútà náà, ìwé ẹ̀rí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Orita wá ńkọ́? Gbogbo ìkíni WireGuard ló ní àkókò tí wọ́n kọ ọ́ nínú. Ẹni tó ń gbà á máa ń rántí àkókò tó tuntun jù tó ti rí lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ìkíni tí àkókò rẹ̀ bá ti gbó ju ìyẹn lọ, á dà á nù láìsọ̀rọ̀. Nítorí olè ni: kí ẹni tó gbọ́ ìkíni àná má baà wá fi kí i lónìí. Use mi ń fi ọdún 2015 kí i, ó dà bí olè. Bí mo bá wá tún WireGuard tan lórí orita, ó gbàgbé ohun tó ń rántí, ó gba 2015 bí ẹni pé ó tọ̀nà. Iná tún lọ, aago tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìkíni tún gbó ju ti àná lọ. Sáfà olówó pọ́ọ́kú kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Mo lọ sí Adó ní Sátidé. Mo tú ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà. Òróró Màmá ti gba eruku mọ́ra, ìka márùn-ún hàn ketekete lórí irin náà. Bátìrì CR2032 ló wà nínú, pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ìròpọ̀ kọjú sókè. Fóltì mẹ́ta ló yẹ kó ní. Mítà mi kà á, kò tó méjì. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, nítorí náà n kò wá a jìnnà: ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti rà á. Mo fi ìka tẹ irin tó dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ògbólógbòó fò jáde, tuntun wọlé, ó ró "táì". Mo wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ṣáájú Windows, mo tún aago ṣe, mo sì ní bí iná bá lọ tó bá dé, kó tan fúnra rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tó kù ló gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ wa. Nítorí pé aago padà lẹ́ẹ̀mejì, owó Ìṣẹ́gun àti owó Ẹtì jọ ń jẹ́ 2015-01-01. Kọ̀ǹpútà ò lè yà wọ́n. Ìwé rìsíìtì tí Màmá ń fi bírò kọ, tí mo ti máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, òun ló gbà wá. Wọ́n ń ka nọ́ńbà, èmi ń tẹ UPDATE. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí láti òkè gíláàsì.

Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, gba Lọ́ńdọ̀nù

Ohun kan ṣoṣo ló kù, kò sì pẹ́. Ètò ẹ̀yáwó wa máa ń bèèrè onígbọ̀wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Láti ilé mi, ọ̀rọ̀ kan máa ń lo nǹkan bí 240 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó lọ kó tó bọ̀, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbà. Igba èèyàn, igba ìbéèrè: ìṣẹ́jú àáyá 48 kí ojú ìwé kan tó ṣí. Mo tún un kọ kó bèèrè gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú JOIN. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé.

Láti ìgbà náà, iná ti lọ lọ́nà ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹrin, use sì ń padà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá pè mí. Mo ti ń bẹ̀rù kí n tó gbé e.

"Ọmọ mi, nǹkan tí o fi ń ríran láti Ìkẹ́rẹ́ yìí, ṣé kò lè dé ilé tèmi ní Ìlawẹ̀?"

Mo ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ fún wọn. 10.77.0.4 ni, SELECT nìkan, ìyẹn kíkà lásán, fún ìgbà díẹ̀ ná. Wọ́n ní kí n má pè é ní ule2, kí n pè é ní *ilawe*.